Ó ń sá lọ, wọ́n yìnbọn fún un: ta ni yóò jẹ́jọ́ ẹ̀mí tó lọ?

Ìbéèrè:

Okun o, Àǹtí. Mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan torí mo mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù. Àbúrò ọkọ mi ń gun ọ̀kadà láàárín ìlú méjì lápá ọ̀dọ̀ wa ní Yàgbà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kajú ń jáde, àwọn ọlọ́pàá ní kó dúró lójú ọ̀nà. Kò ní ìwé ọkọ̀, ló bá ṣẹ́rí padà. Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́yìn, kò sì délé ìwòsàn tó fi kú. Wọ́n ní ó ń sá lọ ni, pé òfin sọ pé ẹni tó bá sá, àwọn lè yìnbọn fún un. Ọjọ́ kejì la sin ín. Àwọn àgbà ìlú ní ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, pé ọlọ́pàá náà ti wá bẹ̀bẹ̀, ó gbé àpò ìrẹsì kan àti owó wá. Ìyá ọkọ mi ò fọwọ́ kan ìrẹsì náà títí di òní. Ṣé lóòótọ́ ni òfin wà lẹ́yìn wọn? Bí kò bá sì sí, ọ̀dọ̀ ta la fẹ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọlọ́pàá náà ló máa wádìí ọlọ́pàá?

* * *

Irọ́ ni. Ẹni tó sọ fún yín pé òfin ní kí wọ́n yìnbọn fún ẹnikẹ́ni tó bá sá, bóyá kò kà á dé ìsàlẹ̀, bóyá ó kàn fi ń dẹ́rù bà yín ni.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 33, sọ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Abala yẹn kan náà dárúkọ ibi tí agbára ìjọba ti lè pa èèyàn láìjẹ́ pé a rú òfin: láti gba ẹ̀mí tàbí dúkìá sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fipá kọlù wọ́n, láti mú ẹni tí òfin ní kí a mú, láti má jẹ́ kí ẹni tó wà látìmọ́lé sá lọ, àti láti pa rògbòdìyàn. Ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan yóò rò pé ọlọ́pàá yín jàre, torí ọ̀rọ̀ mímú èèyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó ṣáájú wọn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn: agbára tí wọ́n bá lò kò gbọdọ̀ ju ohun tí ọ̀ràn náà béèrè gan-an lọ.

Ìlànà tí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ní lórí ìbọn ni Force Order 237. Orúkọ rẹ̀ ò wọ́n lẹ́nu wọn, ṣíṣí i wò ló ń ṣòro. Ohun tó sọ nípa ẹni tó ń sá, kí wọ́n tó tún un ṣe lọ́dún 2019, ni pé a lè yìnbọn fún un bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà mú un, tí ẹ̀sùn tí a fẹ́ torí rẹ̀ mú un sì jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sókè. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pé. Kò síbi tí àìní ìwé ọ̀kadà ti ń gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7 ní Nàìjíríà. Ọ̀nà mìíràn láti mú un sì wà rẹpẹtẹ. Ìlú kékeré ni. Bí wọ́n bá dé gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ì bá bá a níbẹ̀ tó ń pe èrò.

* * *

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ti fèsì, inú wọn ò sì dùn sí mi rárá. Wọ́n ní èmi tí mo jókòó sẹ́yìn tábìlì kóòtù láti ìgbà èwe, kí ni mo mọ̀ nípa ìbọn? Wọ́n ní kí n lọ dúró lójú ọ̀nà Ayérè sí Ọ̀mùò láago mẹ́wàá alẹ́, kí ọkọ̀ kan máa sáré bọ̀ láìtan iná, kí n wá máa wá abala 33 kiri.

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ewu iṣẹ́ yẹn ò ṣeé jiyàn lé lórí, pàápàá lágbègbè wa yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn adigunjalè tó wá kó owó báńkì ní Ìsánlú kọlu àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà, wọ́n pa DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, ẹlẹ́wọ̀n 240 sá jáde. Bí àwọn ọlọ́pàá Ìsánlú bá ráyè pa gbogbo àwọn olè yẹn lọ́jọ́ náà, kò sí adájọ́ tó máa bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Abala 33 yẹn náà ni ì bá gbà wọ́n sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ ti mú àpẹẹrẹ yín. Òru ni, ọkọ̀ ò tan iná, ọ̀nà ibi tí ajínigbé ń ba sí ni. Ẹ ò mú un láti ojú ọ̀nà ọ̀sán gangan tí àwọn èèyàn ń gbà ti oko bọ̀. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí ọlọ́kadà ń sá fún níbẹ̀. Owó ni. Ẹni tó ti san tiẹ̀ nísàlẹ̀, tí wọ́n tún ń dúró dè é lókè, tí owó epo sì ti jẹ èrè ọjọ́ náà tán, á ṣẹ́rí padà. Ọlọ́pàá tó dúró níbẹ̀ mọ ìdí tó fi ṣẹ́rí, ó mọ̀ ọ́n ju èmi àti ẹ̀yin lọ.

Bàbá tún béèrè pé tó bá wá jẹ́ ajínigbé lóòótọ́ ńkọ́, ṣé kí àwọn jẹ́ kó lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹ pe àwọn tó wà níwájú. Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ mọ bí ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní fóònù láti fi pe ẹni tó máa wá san béèlì. Kí wọ́n fi pe ara wọn.

* * *

“Ìbọn ṣèèṣì yìn ni.” Ọ̀pọ̀ nínú yín ló sọ pé bí ìwádìí bá bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa sá sí. Òótọ́ ni. Lóṣù àkọ́kọ́ wọ́n á ní ó ń sá. Bí lọ́yà bá ti dá sí i, ìbọn á ṣèèṣì.

AK-47 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Irin gbọọrọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bó bá wà lókè pátápátá, ìbọn wà ní títì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ wá sí àárín, ìbọn á máa da ọta sílẹ̀ léraléra. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ọta kọ̀ọ̀kan ni yóò máa jáde. Irin náà le, ó sì máa ń dún nígbà tí ọwọ́ bá ń tẹ̀ ẹ́. Kí ọta sì tó lè jáde rárá, ẹnì kan ti ní láti fa ìbọn sẹ́yìn kí ọta wọ inú ẹnu rẹ̀, ìka kan sì ní láti fa ibi tí a ń fà. Mo gbà pé ìbọn ògbólógbòó lè já bọ́ kó sì dún. Ṣùgbọ́n ìbọn tó já bọ́ sílẹ̀ kì í wá ẹ̀yìn ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ.

Ká tiẹ̀ ní ó ṣèèṣì lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Òfin ò yọ ẹni tó fi àìbìkítà pa èèyàn sílẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kàn yàtọ̀ ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ìwé ilé ìbọn. Kí ọlọ́pàá tó gbé ìbọn jáde ní tésàn, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé: nọ́ńbà ìbọn, iye ọta tó gbà, aago tó gbà á, iṣẹ́ tó ń lọ ṣe. Bó bá dá a padà, wọ́n á tún ka ọta. Ọta tó bá dín, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó lọ. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ASP Drambi Vandi yìnbọn pa agbẹjọ́rò obìnrin kan, Bọ́láńlé Raheem, nínú ọkọ̀ ní Ajah l'Ékòó. Vandi ní òun ò jẹ̀bi. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá jẹ́rìí ní kóòtù, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé ọta 2 ló dín nínú èyí tó gbà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a lẹ́jọ́ ikú. Kò tó oṣù mẹ́wàá sí ọjọ́ tó yìnbọn, ẹ̀yin tí ẹ mọ kóòtù wa ẹ mọ̀ pé eré ni wọ́n sá yẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹbí yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ni ìwé ilé ìbọn ọjọ́ yẹn, àti orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹni tó yìnbọn. “Ta ló pa á” lè dúró ná, gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé ọlọ́pàá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, nítorí náà ìpínlẹ̀ Kogí ò lè fọwọ́ kàn án. Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 211 ìwé òfin fún Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀, ìpànìyàn sì wà lára wọn. Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ló dúró ní kóòtù lórí ẹjọ́ Vandi. Aṣọ dúdú ọlọ́pàá ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ibi tí a ti yàtọ̀ sí Èkó ni òfin tí wọ́n máa fi dájọ́. Àwa wà lábẹ́ Penal Code tí ìhà Àríwá ń lò. Ẹ̀sùn ìpànìyàn tó ń mú ikú wá wà ní abala 221. Ṣùgbọ́n abala 222 ní ìlà kan fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọjá agbára tí òfin fún un, tó fi pa èèyàn, àmọ́ tó fi ọkàn tó mọ́ gbà pé ohun tí òun ń ṣe bófin mu àti pé ó di dandan. Bó bá rí ìyẹn fi gbèjà ara rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ bọ́ kúrò nínú ti ikú, ó di ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn, bí adájọ́ bá ṣe rí i sí. Gbogbo lọ́yà tó bá gbèjà ọlọ́pàá níhìn-ín ló ń sáré lọ sídìí ìlà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé kí wọ́n so ó kọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ìdájọ́ má baà bá yín lójijì.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Ẹjọ́ ọlọ́pàá kan tó yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin wá sí kóòtù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. N ò ní dárúkọ ìlú. Ẹlẹ́rìí pọ̀, ìyá olóògbé wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ bá wáyé, ó máa ń jókòó sí ìlà kejì lẹ́bàá fèrèsé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹ̀rí wá, ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn náà fọwọ́ bọ àpò, ó sì yọ ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu. Èèpo ọta ìbọn kan ló wà nínú rẹ̀. Omi ṣì wà nísàlẹ̀ ọ̀rá náà. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti ṣà á. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ dìde, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: nínú ìbọn wo ni èyí ti jáde? Ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

Ìwé ilé ìbọn ńkọ́? Wọ́n ní òjò bà á jẹ́. Àyẹ̀wò òkú ńkọ́? Wọ́n ti sin ín. Lẹ́yìn ìgbà yẹn kò sí ohun tí adájọ́ lè ṣe. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n ń sọ pé adájọ́ ti gba owó. Èmi tí mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú kóòtù sílẹ̀ mọ̀ pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìyá olóògbé fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àga adájọ́, ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ò lè gbé ẹlòmíràn lọ sẹ́wọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí ara mi fi ń gbóná bí ẹ bá ń sọ pé kóòtù ló ń da ẹjọ́ ọlọ́pàá nù. Kóòtù ń da díẹ̀ nù. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń da èyí tó pọ̀ jù nù: nígbà tí òkú ò tíì tutù tí wọ́n ti ń wá pósí, tí ẹnikẹ́ni ò kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ò rí nǹkan kan.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ àti fijilanté. Wọ́n ní àwọn ńkọ́, tí wọ́n yìnbọn fún darandaran kan nínú igbó? Ìdáhùn mi kúrú: ọdẹ ò ní Force Order kankan. Ẹ̀tọ́ tí èmi àti ẹ̀yin ní láti gba ara wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú náà ni wọ́n ní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì ti mú, tí wọ́n ti dè lọ́wọ́, bí wọ́n bá pa á, ìpànìyàn ni.

Èyí tó kàn ò ní dùn mọ́ yín. Nígbà tí wọ́n bá gbé fọ́tò òkú àwọn tí wọ́n pè ní ajínigbé síta, àwa kan náà la máa ń kọ “Ọlọ́run bùkún ọlọ́pàá” sábẹ́ rẹ̀. Ta ló yẹ̀ wọ́n wò? Ní oṣù keje ọdún 2009, sójà mú Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, láàyè ní Maiduguri, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sì kú sọ́wọ́ wọn. Gbogbo ohun tó mọ̀ bá a wọlẹ̀, ogun náà ò sì parí, ńṣe ló tún burú sí i. Ajínigbé tó bá kú sí ojú ọ̀nà Ọbájánà ò lè sọ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un nínú igbó, tàbí ẹni tó ń fi fóònù sọ fún un pé ọlọ́jà kan ti gbowó. Ẹni yẹn ṣì wà láàárín wa, ó ń bá wa ṣọdún.

* * *

Ọmọ wa kan tó wà ní Texas ní ká yé fi Nàìjíríà nìkan ṣe ẹlẹ́yà, pé ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń pa tiwọn náà. Ó tọ̀nà, mi ò sì gbé Amẹ́ríkà sókè fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sá, wọ́n ti ṣe ohun kan tó yẹ ká wò. Ní ọdún 1974 ní Memphis, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọ ọdún 15 kan tó ń fo ọgbà sá jáde nílé onílé. Dọ́là 10 àti pọ́ọ̀sì ló mú níbẹ̀. Ọlọ́pàá náà mọ̀ pé kò jọ pé ó gbé ohun ìjà. Lọ́dún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé sísá nìkan kò tó: àfi bí ẹni náà bá jẹ́ ewu ńlá fún ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún 7 tiwa. Ọ̀pọ̀ olè lásán ló lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 7 lórí ìwé. Èwo ni ọlọ́pàá fẹ́ ṣírò lójú ọ̀nà, ìbọn lọ́wọ́, ẹni náà ń sá? Bí wọ́n ṣe kọ ìlànà yẹn tẹ́lẹ̀ fẹ̀ jù, ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí ẹlòmíràn nìkan ló yẹ kó wà fún. Ọmọ Texas náà tún mẹ́nu ba Derek Chauvin, ọlọ́pàá tó fi orúnkún pa George Floyd ní 2020. Fídíò ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọlọ́pàá Minneapolis fúnra rẹ̀ ló dìde ní kóòtù pé ohun tí Chauvin ṣe kò bá ìlànà iṣẹ́ àwọn mu. Bó ṣe rí ní ti Vandi náà nìyẹn. Ibi tí ọlọ́pàá bá ti la ẹnu lórí ọlọ́pàá ni ẹjọ́ ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà wá. Ó ní àwọn àgbà ìlú mú ìwé kan wá fún ọkọ òun láti fọwọ́ sí, pé ẹbí ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ mọ́, ọkọ òun sì ti fọwọ́ sí i. Ó tún ní wọ́n ti gbé ọlọ́pàá náà kúrò ní Kogí.

N ò ní bú àwọn àgbà. Ìdí tí wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ yé mi. Àwọn ọmọ tó kù nílé yẹn ń gba ọ̀nà kan náà lọ sóko lójoojúmọ́, àwọn ọlọ́pàá kan náà ló sì wà níbẹ̀. Láàfin, wọ́n ń wo ọdún méjìlá níwájú. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n pa ní Apo l'Ábújá ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ọdún 2017 ni wọ́n tó dá ọlọ́pàá méjì lẹ́jọ́ ikú lórí rẹ̀, ọ̀gá wọn tí wọ́n jọ jẹ́jọ́ sì lọ lómìnira. Ta ló fẹ́ kí ẹbí òun máa lọ máa bọ̀ fún ọdún méjìlá?

Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò dí nǹkan kan. Ìjọba ló ni ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹbí ò lè fi í jìn ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ọba ò lè pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó lè sùn. Kódà ìwé náà wúlò fún yín: ẹni tí kò pa èèyàn kì í wá ẹni tó máa bá a fọwọ́ sí i pé wọn ò ní pe òun lẹ́jọ́. Ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀. Ní ti owó, ẹnì kan ní kí ẹ dá a padà. Èmi ò rí ìdí. Ọmọ kékeré ni olóògbé fi sílẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí owó máa bá ìwé rìn.

* * *

Lọ́yà ọ̀dọ́ kan sọ pé ó ti pẹ́ jù, pé oṣù mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́. Àbúrò, òfin yẹn wà lóòótọ́, Public Officers Protection Act, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n tún ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 kà, Order III. Ó ní kò sí òfin àsìkò kankan tó lè dí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́nà. Ẹbí yìí lè wọ ilé ẹjọ́ gíga ní Kàbà lónìí lórí abala 33. Ní ti ẹ̀sùn ìpànìyàn, ọjọ́ rẹ̀ kì í kọjá rárá.

Àyẹ̀wò òkú tí ẹ ò ṣe náà ò tíì bọ́. Kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n hú òkú kí oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo, pàápàá fún ìyá, n kò sì ní sọ fún yín pé kí ẹ ṣe é. Egungun máa ń fi ibi tí ọta gbà wọlé hàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló gbà wọlé, bí wọ́n bá tiẹ̀ yí ohùn padà pé “ó dojú kọ wá”, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn.

Kí n sì tètè sọ èyí tí lọ́yà kì í sọ kí ó tó gba owó: jíjàre lè wá, kí owó gbà-má-bínú má wá. Kí a tó lè lọ já owó ìjọba gbà ní báńkì lórí ìdájọ́, abala 84 òfin Sheriffs and Civil Process ní kí Agbẹjọ́rò Àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìjọba tí a jàre rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i kí a tó gba owó lọ́wọ́ ìjọba! Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ ló wà nínú àpótí àwọn èèyàn báyìí. Bó bá jẹ́ owó lẹ ń wá, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ kí ọkùnrin yẹn má tún gbé ìbọn mọ́, ọ̀nà wà.

* * *

Ẹlòmíràn ní kí ni gbogbo ariwo EndSARS mú wá. Wọ́n tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń lé adigunjalè, ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2020, òfin ọlọ́pàá tuntun sì ti jáde ní oṣù kan ṣáájú. Òfin tó lòdì sí ìfìyàjẹni ti wà láti 2017. Òfin ò wọ́n wa. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ọmọ Yàgbà.

* * *

Wọ́n gbé e kúrò ní Kogí, kò túmọ̀ sí pé ó bọ́. Nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ ò yí padà, ibikíbi tó bá lọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní Lọ́kọ́jà, ẹ má kọ ọ́ sí DPO. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nọ́ńbà ọkọ̀ wọn bí ẹnikẹ́ni bá rántí, orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀, orúkọ àwọn tó bá a wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ béèrè nínú rẹ̀ pé kí ẹ̀ka tó ń rí sí ìpànìyàn ní olú ilé iṣẹ́ gba ọ̀ràn náà kúrò lọ́wọ́ tésàn, kí wọ́n tọ́jú ìwé ilé ìbọn àti ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojúmọ́ tésàn náà ti ọjọ́ yẹn. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Police Service Commission ní Àbújá, torí àwọn ló ní agbára lórí ìbáwí ọlọ́pàá, àti sí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, àti sí ọ́fíìsì DPP, ọ̀gá àwọn tó ń pe èèyàn lẹ́jọ́ ọ̀daràn fún ìjọba, ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀. Bí kò bá sí owó lọ́yà, ẹ béèrè Legal Aid Council ní Lọ́kọ́jà.

Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé àwọn ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi ìyẹn padà sílé. Àwọn kan máa ń gba lẹ́tà ìlékúrò náà, wọ́n á dúpẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Lílé kúrò jẹ́ ìbáwí inú ilé wọn. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù wo, kí sì ni nọ́ńbà ẹjọ́ náà.

Ibikíbi tí ẹ bá mú ìwé náà dé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó máa kù lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ọjọ́. Wọ́n á ní kò pọn dandan, wọ́n á ní ọ̀gá ti jáde, pé kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ mú oúnjẹ dání láti ilé. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín kà á, ẹ sì sọ fún ọkọ yín pé òun ló máa fọwọ́ sí i, kì í ṣe ìyá nìkan.